Ta Ni Yóò Gbé Àpò Òkòtó Talea?

Gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ irun Okka, ó ti lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí Okka fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ gan-an, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ló jókòó sí, obìnrin gìrìpá tó ń wa katakata létí òkun, tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ lé iyẹ̀pẹ̀ kí omi má baà wọ̀lú. Òkun ò bà á lẹ́rù rí. Páálí ló fẹ́ pa á.

Àpò òkòtó ló ń ṣe fún Talea, ọmọ rẹ̀. Ní Osterhamm, àti káàkiri ilẹ̀ Jámánì, ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ òfìfo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn òbí rẹ̀ á ti fi páálí ṣe àpò kan fún un, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí òkòtó, tó lè ga tó ọmọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á ki súìtì àti ṣokoléètì àti ohun ìṣeré sínú rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ di ẹnu rẹ̀, ọmọ ò sì gbọdọ̀ yọjú wo inú rẹ̀ títí ayẹyẹ á fi parí. Àwọn ẹgbẹ́ Talea ní kí wọ́n ya ọmọ ọba sára tiwọn, àwọn kan ní bọ́ọ̀lù. Talea fárígá. Ó ní katakata lòun fẹ́, irú ti Màámi, bó ṣe máa ń pe Okka, kó ní apá tí wọ́n fi ń walẹ̀, kí apá náà nà síta.

"Okka, fi í sílẹ̀ báyìí, ó ti dára," ni Insa wí. Insa ni ìyàwó Okka. Òun ló lóyún Talea tó sì bí i, òun sì ni Talea ń pè ní Mọ́mì.

"Kò dára. Apá ẹ̀ ń wọ́lẹ̀."

Màmá Gesche, ìyá Okka, jókòó sídìí tábìlì, ó ń wò wọ́n lókè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ wo ọmọ tí mo bí o," ó ní. "Ó ń bá òkun jìjàkadì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, páálí lásán wá dá a dùbúlẹ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ n gbọ́ràn."

"Mo ti dákẹ́. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun ẹ, ó ń bá ẹ mu."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ kì í ṣe gọ́ọ̀mù ló ń da Okka láàmú. Bí gọ́ọ̀mù bá lẹ̀, bí kò lẹ̀, ta ni yóò gbé àpò náà? Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ilé-ìwé pe àwọn òbí sípàdé, Ọ̀gá Eilert Focken, ọ̀gá ilé-ìwé, sì ṣàlàyé bí ọjọ́ Sátidé á ṣe lọ. Àṣà ibẹ̀ ni, wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti wà. Wọ́n á pe ọmọ lórúkọ, ìyá á di ọwọ́ rẹ̀ mú, bàbá á gbé àpò òkòtó tẹ̀ lé wọn gun orí pèpéle, á sì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

"Ẹ̀yin tí bàbá ò sí nílé yín, ẹ má wulẹ̀ dààmú," Ọ̀gá Focken ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni bàbá gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Èmi á bá yín gbé e, bí mo ṣe ń ṣe látẹ̀yìn wá." Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ó wá yíjú sí Insa àti Okka, ojú rẹ̀ kún fún àánú. "Talea náà ń kọ́? Èmi ni mo ni ín. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Okka la ẹnu. Ohùn tó máa ń borí ariwo ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò jáde. Ó tún pa ẹnu dé, ó bá wọn pàtẹ́wọ́. Ẹ ò rí nǹkan?

Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù. Ọ̀gá Focken ni kò ṣeé bá jà. Apẹja ni bàbá rẹ̀, òkun ló gbé e lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Lọ́jọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé àpò òkòtó. Òun nìkan ló gbé e, ó kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, súìtì túká, gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ló ti búra pé bí òun bá di tíṣà, ọmọ kankan tí kò ní bàbá ò ní dá gbé e mọ́. Ó sì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Ohun tó tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ó gbé ti Okka náà. Nígbà tí Okka pé ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá rẹ̀ ti bá ọkọ̀ òkun lọ, ó ti fẹ́ obìnrin mìíràn síbi tó lọ, kò sì wẹ̀yìn. Tíṣà Focken, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ló gbé àpò rẹ̀ gorí pèpéle. Títí dòní, bí Okka bá rántí ẹ̀rín tí ọkùnrin náà rín sí i lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ á máa dùn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní kó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò?

"Sọ fún un," ni Insa wí nígbà tí wọ́n délé.

"Ìwọ lọ sọ fún un."

"Tíṣà ta ni? Hamburg ni wọ́n ti kọ́ èmi níwèé o. Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Insa, ó ní Talea ò ní bàbá. Bó ṣe sọ ọ́, bí ìgbà tí ọmọ náà ò ní bàtà ni."

Insa dì mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí. Wọ́n ní ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Ọmọ tó ní wúrà méjì nílé, ṣé tálákà lẹ máa pè é ni?

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Focken kan ilẹ̀kùn. Ìṣe rẹ̀ ni. Ilé gbogbo ọmọ tó bá máa bá gbé àpò ló máa ń dé kí ayẹyẹ tó pé, kí ọmọ lè mọ̀ ọ́n, kí òun náà lè mọ bí àpò ṣe wúwo sí. Màmá Gesche ti gbé omi tíì kaná. Lọ́dọ̀ tiwa létí òkun, ife mẹ́ta ni tíì àlejò. Kóró ṣúgà á kọ́kọ́ wọ inú ife, tíì gbígbóná á bọ́ lé e lórí, ṣúgà á ta kẹ̀ẹ́, wọ́n á fi ṣíbí ro ọ̀rá wàrà sí i létí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ rò ó pọ̀. Ẹni tó bá ti yó, á ki ṣíbí bọ inú ife. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ki ṣíbí bọ ife kó tó mu ẹ̀kẹta, ó ti sọ fún onílé pé inú òun ò dùn nìyẹn.

Talea ò jẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó. Ó fà á lọ síbi tí àpò dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó! Katakata ni. Apá ẹ̀ rèé."

Ọ̀gá Focken gbé e, ó mí kanlẹ̀. "Yéè! Ṣé òkúta ni wọ́n kó sínú ẹ̀ ni?"

"Àpù àti ṣokoléètì ni, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì."

"Talea!" Insa pariwo. "Ta ló ní kó o yọjú wo inú ẹ̀?"

"Mi ò yọjú o, Mọ́mì. Ọwọ́ mi ló kàn wọlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá Focken fi nu ojú. Wọ́n jókòó, Màmá Gesche bu ife àkọ́kọ́. Okka ti pinnu pé nídìí ife yìí lòun á ti sọ ọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá mi..."

"Okka mi."

"Atẹ́gùn yìí pọ̀ lónìí o."

"Ó pọ̀ gan-an ni," ni Ọ̀gá Focken wí.

Insa ta á nípàá lábẹ́ tábìlì. Wọ́n mu ife àkọ́kọ́ tán. Màmá Gesche bu èkejì, ṣúgà ta kẹ̀ẹ́. Okka ń wo inú ife bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àfi bí Talea ṣe gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu.

"Ọ̀gá, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé àpò mi?"

"Bàbá ló máa ń gbé e, Talea. Ìwọ ò sì ní bàbá, àbí?"

"Mi ò ní. Màámi ni mo ní." Talea ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Màámi lágbára jù yín lọ. Ẹ̀yin ń mí hẹ́ẹ́hẹ́ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ gbé e."

Ọ̀gá Focken rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. Ṣùgbọ́n Okka ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti la ọ̀nà fún un.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Èmi ni mo fẹ́ gbé e."

Ọ̀gá Focken gbé ife sílẹ̀, Okka sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí Talea, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e, kí Insa tó lajú. Nígbà tó ń yọ eyín, èjìká mi ló ń sùn sí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ wá ní kí n jókòó lọ́la, kí n máa wò yín, bí ẹni tó kàn wá bá wọn ṣayẹyẹ. Mo mọ̀ pé ire lẹ ń rò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọnù nínú ilé yìí, Ọ̀gá mi. Gbogbo wa la pé."

Ojú Ọ̀gá Focken pọ́n. "Okka, èmi kọ́ ni n ó já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ gan-an mọ̀ mí. Ṣebí èmi ni mo gbé tìrẹ? Inú ẹ dùn lọ́jọ́ náà, mo rí i. Inú ìyá ẹ dùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn."

"Mo dúpẹ́," ni Màmá Gesche wí. Ìkòkò tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ni ǹ bá tún sọ?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "Tíṣà" ló máa ń pe ọkùnrin náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lọ́sàn-án yìí, ó pè é lórúkọ.

"Eilert, apá ò dùn mí lọ́jọ́ náà o."

"Ìyá Okka..."

"Jẹ́ n sọ ọ́ tán. Màlúù olówó ni mò ń fún wàrà ẹ̀ nígbà yẹn. Garawa wàrà méjì ni mò ń gbé lójúmọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo fọwọ́ ara mi ṣe àpò yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ra súìtì tó wà nínú ẹ̀. Mo gbé e wọ gbọ̀ngàn, orí mi wú, mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ mi ò ṣaláìní nǹkan kan. O wá na ọwọ́, o rẹ́rìn-ín sí mi, o gbà á. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Mo di ọwọ́ Okka mú, mo ń wo ẹ̀yìn ẹ lọ sórí pèpéle."

Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Okka, tó bá ìyá rẹ̀ gbé láti ìgbà tó ti dáyé, kò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀gá Focken wo ife rẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó ki í bọ inú ife kejì. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀ o," ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó ti parí," ni Insa wí. "A ti ṣẹ̀ ẹ́."

Màmá Gesche jókòó gbì. "Èmi ni mo bà á jẹ́ fún yín. Ẹnu àgbà, ẹnu jíjò."

Okka lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Inú ẹ ń dùn. Ṣé kí n wá ba ìdùnnú ọmọ mi jẹ́ nítorí páálí?" Ó fa etí Okka díẹ̀. "Dìde. Lọ fọ irun ẹ, gọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, atẹ́gùn fẹ́ fìlà kúrò lórí gbogbo ará ìlú. Wọ́n kún gbọ̀ngàn dẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ wọ aṣọ tuntun, báàgì tó wà lẹ́yìn wọn tóbi jù wọ́n lọ. Okka gbé katakata lé itan. Ó ti sọ fún Insa kí wọ́n tó jáde pé bí Ọ̀gá Focken bá na ọwọ́ sí àpò náà, òun á kọ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọmọ ni. Ta ló fẹ́ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ ọmọ òun di ọjọ́ ìjà?

Ọ̀gá Focken bọ́ sórí pèpéle. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò sùn. Ó di maikirofóònù mú.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì pẹ́ tí mo ti ń bèèrè ẹni tí kò sí nílé. Ẹni tó wà nílé ló yẹ kí n máa bèèrè. Ẹ̀yin tí mo já àpò gbà lọ́wọ́ yín látọdún wá, ẹ dárí jì mí. Lónìí, a ò ní pe ìyá, a ò ní pe bàbá. A máa pe ọmọ. Ọmọ ló máa sọ fún wa àwọn tó fẹ́ bá gòkè."

Àwọn àgbà kan ń wo ara wọn. Okka di ọwọ́ Insa mú tó fi dun Insa.

Wọ́n pe ọmọ àkọ́kọ́, Jelto. Ó ní òun fẹ́ Dádì, òun fẹ́ Mọ́mì, òun sì fẹ́ Anke, ìyàwó tuntun Dádì. Ìyá rẹ̀ àti Anke, tí wọn kì í kíra wọn nílé búrẹ́dì, di àpò kan ṣoṣo mú lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n gun àtẹ̀gùn bí ẹni gbé àga. Gbọ̀ngàn hó gèè. Ọmọ kejì pe bàbá rẹ̀ àgbà. Ọmọ kẹta ní ajá àwọn lòun fẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ tú ajá sílẹ̀ níta, ajá wọlé, ó fi imú tú ìdí àpò wò, ó sì jẹ rìbọ́ọ̀nù ara rẹ̀. Ó wá kan Rayan, tó jẹ́ òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni. Rayan wo gbogbo gbọ̀ngàn, ó na ìka sí Ọ̀gá Focken.

"Èmi?" ni Ọ̀gá Focken bèèrè.

"Ẹ̀yin ni. Mọ́mì náà. Ẹ̀yin méjèèjì."

Ọ̀gá Focken wo ìyá Rayan lójú. "Ṣé ẹ gbà?" Obìnrin náà ní, "Ẹ di ìdí ẹ̀ mú, Ọ̀gá. Èmi á di ẹnu ẹ̀." Ẹ bá rí ayọ̀ lójú ọkùnrin náà!

"Talea!"

Talea sáré gba maikirofóònù, ó pariwo sínú rẹ̀ tó fi dun gbogbo wa létí. "Mọ́mì á di ọwọ́ mi mú! Màámi á gbé e! Èmi ni mo ni àwọn méjèèjì!"

Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Okka dìde. Ó gbé katakata sáyà, ó ń lọ, Insa ti ṣáájú lọ di ọwọ́ ọmọ mú lórí pèpéle, àwọn èèyàn ń pe orúkọ rẹ̀. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó rí ìyá rẹ̀ ní ìlà iwájú. Màmá Gesche ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan.

Okka dúró.

"Màmá, ẹ wá."

"Wá ṣe kí ni? Lọ, wọ́n ń dúró dè ẹ́."

"Ẹ wá bá mi gbé e. Ó wúwo."

Irọ́ ni. Ọwọ́ kan ló lè fi gbé e.

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Màmá Àgbà, ẹ ń pẹ́ o!" Talea kígbe láti òkè.

Màmá Gesche dìde. Kò di apá kan àpò náà mú rárá. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á pátápátá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e sáyà. Okka fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n jọ ń gòkè, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, orúnkún ń dún, gbọ̀ngàn ti dìde dúró. Ọ̀gá Focken bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún un.

Ayàwòrán ti ń dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé e fún ọmọ báyìí, kí n ya fọ́tò."

Màmá Gesche di àpò náà mú ṣinṣin. Ó ní kó sinmi, òun ò tíì gbé e tán.